Ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pròsítéètì: ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa fún iṣan náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 67 ni mí, Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ta aṣọ. Ó di ọ̀sẹ̀ 7 tí wọ́n ti yọ pròsítéètì mi pátápátá nítorí jẹjẹrẹ. Ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀, láti ọjọ́ náà ni ìtọ̀ sì ti ń jò sí mi lára. Ara mi máa ń gbẹ lóru, ṣùgbọ́n bí mo bá dìde lórí àga, bí mo bá sín, tàbí bí mo bá ń dìde láti ìforíkanlẹ̀ nínú ìrun, ó ti yọ nìyẹn. Láti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń burú jù. Páàdì 4 ni mò ń lò lójúmọ́. Mo ti dín omi kù sí píọ́ wọ́tà 1 lójúmọ́, mo sì ń lọ tọ̀ ní wákàtí wákàtí kó má baà jò. Wọ́n ní kí n máa fún ìdí pọ̀, gbogbo ìgbà ni mo sì ń fún un, kò yí padà. Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ewu. Rárá, bó ṣe máa wà kọ́ nìyí. Ọ̀sẹ̀ 7 ṣì kéré lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jẹ́ pé láàárín oṣù 3 sí 6 ni jíjò náà máa ń rọlẹ̀ dáadáa, ó sì lè máa sàn díẹ̀díẹ̀ títí ọdún kan á fi pé. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ohun tó dùn mọ́ wa jù ni pé ara yín ń gbẹ lóru. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì ni ọkùnrin fi ń dá ìtọ̀ dúró. Ti òkè wà ní ọrùn àpò ìtọ̀, níbi tó ti kan pròsítéètì. Òun kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fúnra rẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀, a sùn o, a jí o. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ òrùka iṣan tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ pròsítéètì, àwọn iṣan tó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ abẹ́ bí ẹní ló sì ń gbè é. Èyí la lè fún fúnra wa. Nígbà tí wọ́n yọ pròsítéètì yín, ilẹ̀kùn òkè bá a lọ. Ti ìsàlẹ̀, tí kì í ṣe ju olùrànlọ́wọ́ lọ tẹ́lẹ̀, ló wá ku tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ikùn kì í tẹ àpò ìtọ̀ púpọ̀, ilẹ̀kùn yẹn sì ń kápá rẹ̀. Ìyẹn ló fi hàn pé kò kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sín tàbí bí ẹ bá dìde lójijì, ikùn á ti ìtọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilẹ̀kùn tó ta gìrì, omi ti kọjá. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ti ń dúró nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó ti rẹ iṣan náà bó ṣe ń rẹ ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe agbára nìkan ni iṣan yín ń wá. Ó ń pẹ́ kó tó tì, ó sì ń tètè rẹ̀ ẹ́. Fífún un láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè tún èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe, àfi kó túbọ̀ rẹ̀ ẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n sọ fún yín, pé kí ẹ “fún ìdí pọ̀”. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹran ìdí méjèèjì ló máa ń há, á sì tún séèémí. Iṣan tí à ń wá wà níwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, kí ikùn rọ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń wọ inú ọ̀sà lọ, tí omi tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹpọ̀n rẹ̀: okó á fẹ́ sún wọlé, ẹpọ̀n á fẹ́ gòkè. Ìfàsókè yẹn gan-an ni. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan sí àárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó bá le tó sì fà kúrò lára ìka. Ẹ gbé ọwọ́ kejì lé ikùn. Ikùn kò gbọdọ̀ le gan-an. Bí ẹ bá dúró síhòòhò níwájú dígí, ẹ ó rí i pé ìdí okó sún wọlé díẹ̀, ẹpọ̀n sì gòkè.

Bí ìdí yín bá gbéra lórí ẹní, bí itan bá ń há, bí ẹ kò bá lè ka 1 dé 5 jáde lẹ́nu nígbà tí ẹ ń fún un, iṣan mìíràn lẹ ń lò. Bí ẹran ibẹ̀ bá ń wú jáde sí ìka yín dípò kó fà sẹ́yìn, ẹ ń gìrì bí ẹni tó ń ṣu ni, ìyẹn sì ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ dá a dúró, kí ẹ tún un wá. Àwọn kan máa ń dá ìtọ̀ dúró lágbedeméjì kí wọ́n lè mọ iṣan náà. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi dá a mọ̀. Ẹ má sọ ọ́ di eré ìdárayá ojoojúmọ́, nítorí ó lè kọ́ àpò ìtọ̀ ní àṣà pé kó máa ṣẹ́ ìtọ̀ kù.

Bí ẹ bá ti dá a mọ̀, bí ẹ ó ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ fún un fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ ṣe é nígbà 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 1 kún fífún náà títí yóò fi dé 10, kí ẹ má lọ jù bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní kíákíá nígbà 5, fún-tú, fún-tú, nítorí ìyẹn ló ń kọ́ ilẹ̀kùn láti tètè tì. Fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìdùbúlẹ̀ àti ìjókòó ni kí ẹ máa lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdúró kún un, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni kí ẹ máa ṣe ti ìdúró tó le jù, nígbà tí ara ṣì tutù. Ìdùbúlẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe ní alẹ́. Ìtúsílẹ̀ náà ṣe pàtàkì bí ìfúnpọ̀: iṣan tí a kò tú sílẹ̀ kò lè tún fún. Tí ìgbà 15 bá ti pé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fi ìdánrawò náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Èyí tó máa yí ìgbésí ayé yín padà kíá ni pé kí ẹ máa lo iṣan náà ṣáájú ohun tó ń mú ìtọ̀ jò. Ẹ wo ìdìde lórí àga. Ẹ sún wá sí etí àga, kí ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ orúnkún. Ẹ kọ́kọ́ fún iṣan náà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa mí jáde bí ẹ ṣe ń dìde. Bí ẹ bá ti dúró tán, ẹ mí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tú u. Bí sísín bá ń bọ̀, ìgbà tí imú bá ń rìn yín ni kí ẹ fún un, kì í ṣe lẹ́yìn “hàṣí”. Nínú ìrun, nígbà tí iwájú orí ṣì wà lórí ẹní ni kí ẹ ti fún un kí ẹ tó gbéra láti sùjúùdù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó nà láti rùkúù. Nínú dáńfó, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ lẹ ó ti fún un. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ ó máa gbàgbé ní ìlàjì ìgbà. Bó ti ń rí nìyẹn. Lẹ́yìn bí oṣù kan sí méjì, ọwọ́ á mọ́ ọn, iṣan á máa ṣe é kí ẹ tó rò ó. (Ní ti àlùwàlá, ẹ bá Ààfáà yín sọ ọ́ láìtijú. Ìrọ̀rùn wà nínú òfin ẹ̀sìn fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dúró, ẹ̀yin kọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè.)

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àsọdùn. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 lórí ọkùnrin 208 tí ìtọ̀ wọn ń jò fún ọdún 1 sí ọdún 17 lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 tí wọ́n fi kọ́ wọn ní fífún iṣan, lílò ó lásìkò àti kíkọ àkọsílẹ̀, iye ìgbà tí ìtọ̀ ń jò dín ní 55 nínú 100. Àwọn tí wọn kò tíì kọ́ ní nǹkan kan, tiwọn dín ní 24 nínú 100. Wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń fi iṣan hàn lójú àwòrán àti èyí tó ń fi iná rọra ta á, kò fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹ̀rọ olówó ńlá fún yín, ẹ fi owó yín sápò. Òótọ́ tún ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan náà, wọ́n rí i pé bí a tilẹ̀ pe ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan wá sọ́dọ̀ olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọdún bá fi pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n fún ní ìtọ́sọ́nà lásán. Bí a ṣe gbọ́ ọ sí ni pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pé iṣan tó tọ́ lẹ ń fún. Ìyókù di iṣẹ́ ilé. Ẹ̀ka fisiotẹ́rápì (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan) wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ní LASUTH ní Ìkẹjà. Kí ẹ tó gun ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín wádìí bóyá ẹni tó mọ̀ nípa iṣan abẹ́ wà lọ́jọ́ yẹn.

Ó ku omi. Píọ́ wọ́tà kan, sẹ̀ǹtílítà 50, kò tó ọkùnrin tó ń jókòó nínú ooru Èkó. Bí omi bá kéré, ìtọ̀ á ki, á pọ́n, á sì máa ta àpò ìtọ̀ bí ata, àpò náà á wá máa fẹ́ tú u jáde ṣáájú àsìkò. Ìgbẹ́ á tún gbẹ, ẹ ó máa gìrì, gìrìgìrì yẹn sì ń na iṣan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́jú. Ẹ fi ìlàjì ọ̀rá kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí ẹ ó fi dé ọ̀rá 3 sí 4 lójúmọ́, ìyẹn lítà 1.5 sí 2. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dá a dúró ní wákàtí 2 sí 3 kí ẹ tó sùn. Bí dókítà bá ti fi ìwọ̀n lé omi yín nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Títọ̀ ní wákàtí wákàtí náà kò ṣe yín láǹfààní bí ẹ ṣe rò. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà lè gba nǹkan bí mílílítà 300 sí 400. Tí ẹ bá ń tú u nígbà tí 80 péré wà nínú rẹ̀, á gbàgbé bó ṣe ń fẹ̀, á sì máa pariwo ní 80. Ẹ ra jọ́ọ̀gì oníke tó ní àmì ìwọ̀n. Fún ọjọ́ 3, ẹ kọ aago tí ẹ tọ̀, iye tí ẹ tọ̀, ohun tí ẹ mu, ìgbà tó jò àti ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ bí ó bá tiẹ̀ ń tì yín lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ sún àlàfo títọ̀ sí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 bá fi pé, ẹ ó ti dé wákàtí 3, ìyẹn sì tó. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba orí afárá Third Mainland kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ tọ̀ kí ẹ tó gbéra o. Go-slow kì í ṣe ibi ìdánrawò.

Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín kí aago tó pé ńkọ́? Ẹ má sáré. Sísáré ń mi ikùn, ọkàn á sì ti dé ilé ìtọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ fi ń tú u dànù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ dúró sójú kan tàbí kí ẹ jókòó. Ẹ fún iṣan náà ní kíákíá nígbà 5 sí 6, kí ẹ máa mí. Ẹ máa ka nǹkan nínú ọkàn yín, iye ọ̀pá àńkárá tó wà lórí pẹpẹ, ohunkóhun. Bí ìgbì ni ìfẹ́ títọ̀ ṣe ń wá: á ga, á sì rọlẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀ ni kí ẹ rìn lọ jẹ́ẹ́. Ẹni tí wọ́n kàn ha inú pròsítéètì rẹ̀ nítorí wíwú, tí kì í ṣe ti jẹjẹrẹ, ìgbọ̀njíjì yìí ló máa ń dà á láàmú ju jíjò nígbà sísín lọ, ó sì máa ń tètè lọ. Ibí yìí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ohun tó ń ta àpò ìtọ̀ wà: kọfí, tíì, ohun mímu afúnnilágbára, kólà inú ìgò, àti obì fúnra rẹ̀, nítorí ohun kan náà tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì. Ẹ dín wọn kù díẹ̀díẹ̀ kí orí má baà fọ́ yín, kí ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ 2 láìsí wọn. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ padà sídìí obì yín. Ọtí ní tirẹ̀ ń mú ìtọ̀ pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí iṣan gbọ́ràn. Páráagà inú gáréèjì náà, ọtí ni. Ẹni tó bá ní àgbo òun á “ti ìtọ̀ pa”, ẹ bi í pé ilẹ̀kùn wo ni àgbo náà fẹ́ tì, ṣé èyí tí wọ́n ti gé kúrò ni?

Ẹ kó gbogbo oògùn yín lọ fún dókítà. Tamsulosin tí ẹ ń lò fún pròsítéètì tẹ́lẹ̀ máa ń tú ọ̀nà ìtọ̀ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò rẹ̀ mọ́. Lisinopril àti ramipril fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú àwọn kan wúkọ́ gbígbẹ, ikọ́ sì ni ọ̀tá yín báyìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ìtọ̀ wá, àárọ̀ ló yẹ kó bọ́ sí. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Ní ti ìgbẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ọsàn tí a kò tu fùkẹ̀ rẹ̀ dànù á ṣe é, pẹ̀lú àpótí kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ bá jókòó sórí ṣáláńgá ìgbàlódé. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 jẹ́ kílò 25: kò kàn yín rárá títí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ yóò fi gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé ẹrù bélì aṣọ àti fífa okùn jẹnẹrétọ̀.

Ìtọ̀ kékeré tó máa ń kán sí ṣòkòtò lẹ́yìn tí ẹ ti tọ̀ tán, tí ẹ sì ti so okùn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ó kù sí ìtẹ̀kọ́ ọ̀nà ìtọ̀ ni. Bí ẹ bá tọ̀ tán, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fi ìka méjì tẹ ẹ̀yìn ẹpọ̀n, kí ẹ fà á wá síwájú títí dé ìdí okó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ẹ gbọn ọ́n dànù. Bí ìtọ̀ bá tún ń jò nígbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú ìyàwó, ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí: ẹ tọ̀ ṣáájú, kí ẹ lo kọ́ńdọ̀mù bí ẹ bá fẹ́.

Iye páàdì kò sọ òótọ́ tán. Páàdì 4 lè gba mílílítà 40, ó sì lè gba 600, ẹlòmíràn sì ń pààrọ̀ rẹ̀ nítorí òórùn lásán. Ẹ yá ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ẹ wọn páàdì gbígbẹ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ lò ní wákàtí 24 sínú ọ̀rá, kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n gbígbẹ wọn kúrò. Gíráàmù 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà ìtọ̀ 1. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ máa fi omi lásán fọ abẹ́ bí ẹ bá ti pààrọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa á, nítorí páàdì nínú ooru yìí ń bó ara. Ohun ìhámọ́ tí wọ́n ń fi há okó kò yẹ fún yín nísinsìnyí, torí ilẹ̀kùn tí nǹkan mìíràn ń bá tì kò ní kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá máa lò ó nígbà tó bá yá gbọ́dọ̀ tú u ní wákàtí 1 sí 2, kò sì gbọdọ̀ gbé e sùn láé.

Àwọn ohun kan wà tí fífún iṣan kò lè wò. Bí ìtọ̀ kò bá jáde rárá, tí ikùn ìsàlẹ̀ le, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá ń kán láìdáwọ́ dúró tí ẹ sì ń gìrì kí ó tó ṣàn, tàbí bí okùn ìtọ̀ bá ń tín-ín-rín sí i ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ pé àpá ti fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀, àpò sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ibà pẹ̀lú òtútù, ìtọ̀ tó ń jó, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ìtọ̀, tàbí ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú tó sì ń dun yín, ẹ má fi ọ̀kankan nínú wọn sùn ilé. Bí ọdún kan bá pé tí ó ṣì ń jò púpọ̀, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà, títí kan òrùka àtọwọ́dá tí ọkùnrin ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú àpò ẹpọ̀n bó bá fẹ́ tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dé ibẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá padà sí kílíníìkì, ẹ mú àkọsílẹ̀ ọjọ́ 3 àti ìwọ̀n páàdì oṣooṣù dání. Bí ìwọ̀n náà bá ń lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páàdì 4 náà lẹ ṣì ń lò, ẹ má yí ohunkóhun padà. Bó bá dúró sójú kan fún oṣù 2, ẹ ní kí fisíò tún fi ọwọ́ yẹ̀ yín wò bóyá iṣan iwájú yẹn gan-an lẹ ń fún.